Kọ́kọ́rọ́ Mẹ́rìnlélógún

Mẹ́rìnlélógún ni kọ́kọ́rọ́ tó wà lára ìgbànú mi.
Ọjọ́ tí Alàgbà Jẹ́mírìn kó wọn lé mi lọ́wọ́,
ó ní, "Métìbọba, má sùn."
N kò sì sùn. Ọdún mọ́kànlá.

Ilé onígíláàsì lẹ́bàá ọ̀nà tó jáde sí Lọ́kọ́ja,
ilé tó dé ọjà mọ́nú bí ẹni dé ọbẹ̀,
òjò ò pa oníbàárà, oòrùn ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń náwó.
Nígbà tí wọ́n ṣí i, àwọn ará Ìyàrà, ará Ògìdì,
títí dé Ìsánlú, háyà ọkọ̀ wá sí Kàbà,
kì í ṣe láti rajà o,
wọ́n wá gun àtẹ̀gùn tó ń dá rìn.
Ìyá mi bọ́ bàtà kó tó gùn ún.
Ó ní ohun tó bá ń gbé ni,
a kì í fi bàtà tẹ̀ ẹ́.

Ìgbà tó yá, dísù gbówó lórí.
Àtẹ̀gùn dúró lọ́jọ́ Ajé,
ó tún rìn lọ́jọ́bọ̀,
ó wá dúró bí ìbaaka tó ti pinnu.
Oníbàtà kó lọ. Onífóònù kó lọ.
Obìnrin tó ń ta lọ́fínńdà gbàgbé òórùn rẹ̀ sí yàrá kẹsàn-án;
ọdún méjì ni mo fi ń ṣí ilẹ̀kùn yẹn, kí n lè gbọ́ ọ.
Ère onírọ́bà mẹ́ta ló ṣẹ́kù,
wọn kò lórí, wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì.
Láràárọ̀ ni mò ń kí wọn: "Òkun o."
Ẹni tó dá wà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́,
kí ló kù tí kò ní kí?

Ìyá Arókoyọ̀ dé nínú òjò, ó di èbù iṣu sẹ́yìn ọ̀kadà.
Ó ní ilẹ̀ yín tútù, eku ò rọ́nà wọlé,
ẹ jẹ́ n kó iṣu mi síbẹ̀ di ìgbà ọ̀gbìn.
Mo ní ilé yìí kì í ṣe abà.
Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.
"Ṣé iṣu mi ò tó bàtà ni?"

Mo wá èsì títí.
Mo ṣí ilẹ̀kùn keje.

Báyìí ni àwọn ahunṣọ gbọ́, òfì mẹ́sàn-án,
wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ òrùlé gíláàsì ò jẹ́ kí òwú ṣìnà.
Wọ́n bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì lára àwọn ère mi,
wọ́n ró kíjìpá fún wọn.
Wọ́n wá dàbí ẹni tó lórí.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dáa.
Oje kaṣú ti ba táìlì jẹ́, mo ń fọ̀ ọ́, kò lọ.
Yàrá sinimá lókè, kò sẹ́ni tó rí i lò;
àdán gbà á. Wọn kì í sanwó,
wọn kì í sì í béèrè iná.

Lálẹ́, àwọn ọmọ jókòó sórí àtẹ̀gùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìgbésẹ̀ kan,
Tíṣà Olúgbẹ́mi dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì.
Ó ní àtẹ̀gùn yẹn ṣì ń gbé èèyàn lọ sókè.
Mo tẹjú mọ́ ọn títí.
N kò rí i kó mira.

Lánàá ni wọ́n fa Alàgbà Jẹ́mírìn lọ́wọ́ wọlé.
Ojú rẹ̀ ti lọ tán.
Ó dúró, ó tẹ́tí sí àwọn òfì
tí wọ́n ń ké gba-kọ́, gba-kọ́, gba-kọ́.
Ó di apá mi mú.
"Métìbọba, ó ti tún ń rìn!"

N kò ní bẹ́ẹ̀ ni, n kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́.
Àwọn ọmọ dìde fún un.
Ó tẹ̀ríba, ó ń tú okùn bàtà rẹ̀,
mo sì gbà á mú fún un.